Ọrùn Ọwọ́ Ìyá Rẹ àti Pẹ́ńsùlù Mi

Akébé, Libreville
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀

Àbẹ̀kẹ́ mi, dókítà tí mo fi ń yangàn láàárín àwọn ará ìjọ,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nílé. Ìyá rẹ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ìrẹsì. Àbúrò rẹ ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀. Láti àná tí o ti kúrò níbí ni mi ò ti rí ìjókòó jókòó. Mo dìde, mo tún jókòó, mo fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ bi mí pé, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹ̀yìn ló ń dùn yín ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa.

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé Faransé ló yá ọ lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n bí ó bá já bọ́ lápò rẹ ní kílíníìkì yín ní àdúgbò Batterie IV, mi ò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí i kà. Kà á jẹ́jẹ́. Ibi tí kò bá yé ọ, kà á sókè, etí rẹ á dá a mọ̀. Bùrọ̀dá Káyọ̀dé tó ń wa takisí ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni kó fi lé, kó má fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àná, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí à ń jẹun, o sọ ìtàn kan fún wa, o sì ń rẹ́rìn-ín. O ní bíríkìlà kan já bọ́ lórí àkàbà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Okala. Ó fi ọwọ́ gbalẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá. Wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní ràdíò, ẹyọ kan ṣoṣo láti iwájú, nítorí pé fíìmù ti wọ́n bí ohun ọ̀ṣọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gé agbára owó séfà sí méjì. Ọ̀gá rẹ, ṣẹ́ẹ̀fù yín, wò ó fìrí, ó ní irú A ni, ìyẹn ni pé egungun dá lókè oríkèé, kò wọ inú rẹ̀, kí wọ́n fi pílásítà dì í kó máa lọ sílé. Ìwọ rí ìlà tín-ín-rín kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ inú oríkèé. O bi ẹni tó ya fọ́tò náà, ó ní, "Dókítà, ṣẹ́ẹ̀fù ti kà á ná." Ìwọ náà sì kọ A sínú ìwé.

Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀. O ní, "Pàpá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Inú oṣù ìdánwò iṣẹ́ ni mo ṣì wà. Ṣẹ́ẹ̀fù ti ń ka ràdíò kí ẹ tó bí mi. A ti jọ gbà, c'est bon, ó ti parí."

Ìyá rẹ fi ọwọ́ òsì bu ọbẹ̀ kún tìrẹ, ó ní o ṣe dáadáa, ọmọ tí a kọ́ kì í bá àgbà jiyàn. Mo wo ọwọ́ òsì yẹn, mo ti abọ́ mi sẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, mi ò lè sọ ọ́ níṣojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tí mo ń kọ̀wé sí ọmọ tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé ìlú kan náà.

O ní Ọjọ́bọ̀ ni bíríkìlà náà ń padà bọ̀ fún àyẹ̀wò. Mò ń fi ìka ka ọjọ́ bí ọmọdé: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í mú bó ṣe wà. Bó bá tọ́, á mú ní títọ́. Bó bá wọ́, á mú ní wíwọ́, ọkùnrin náà á sì padà sí ìdí bíríkì pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè di ṣíbí ìkọ́lé mú dáadáa.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn fún ọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí láti Abẹ́òkúta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fọ́tò egungun ni, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán bí fọ́tò bá ti mọ́. Ohun tó bá wà lórí fíìmù wà níbẹ̀, dókítà tó bá lójú á rí i. Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú mi lójú. Dókítà kan á wo ọrùn ọwọ́ kan láàárọ̀, á ní irú A. Òmíràn á wo fíìmù kan náà lọ́sàn-án, á ní irú B, pé ó wọ inú oríkèé. Wọ́n á jiyàn títí, aláìsàn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wo ẹnu wọn. Èmi, ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn àlàáfíà, tó tún fẹ́ kí ọ̀gá mọ orúkọ òun, mo dá ọgbọ́n kan. Bí ọ̀gá àgbà bá ti ka fíìmù tán, mo máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ ohun tó sọ sí igun àpòòwé tí fíìmù wà nínú rẹ̀. Dókítà tó bá kàn án lẹ́yìn á rí i kó tó fa fíìmù yọ.

Àbẹ̀kẹ́, iyàn dópin. Láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo dókítà wa ń sọ ohun kan náà. Ọ̀gá àgbà yìn mí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ̀ka wa ti ń fi ohùn ṣọ̀kan. Mo délé, mo ní kí ìyá rẹ pa adìẹ. Mo ń yan kiri bí ẹni pé èmi ni mò ń to egungun. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan péré ló ń wo fíìmù nílé ìwòsàn yẹn. Pẹ́ńsùlù mi ni àwọn yòókù ń wò.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi sọ tèmi, ó sì bá ará ilé mi.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ lọ́dún tó ṣẹlẹ̀, bóyá o rántí òjò ọjọ́ yẹn. Ìyá rẹ gbé korobá omi bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ, ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn amọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbalẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kánjú lọ sí ìpàdé. Ó gbé fíìmù sókè sí ojú fèrèsé, ó ní, "A. Pílásítà." Ó jáde. Mo kọ A sí igun àpòòwé. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ kí ó hàn ju ti ìgbà yòókù lọ, nítorí pé ìyàwó mi ni, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Dókítà kékeré kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ Nàgó ará Kétu, tó máa ń pè mí ní bàbá. Òun ló máa di pílásítà náà. Ó gbé fíìmù sórí àpótí iná, ó wò ó pẹ́, ó fi ìka tọ ibì kan. Ó ní, "Bàbá, ìhín yìí..." Mo na àpòòwé sí i. Mo ní, "Ọ̀gá ti kà á ná, ọmọ mi." Ó wo A tí mo kọ. Ó di pílásítà náà.

Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ya fọ́tò níbi iṣẹ́ yín sọ fún ọ, èmi ti sọ ọ́ rí. Nígbà tí o sọ ọ́ nídìí tábìlì lánàá, ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan dìde láti ẹ̀yìn mi tó fi ohùn mi sọ̀rọ̀.

Ìyókù, o ti mọ̀ ọ́n láìmọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú pílásítà, ọwọ́ ìyá rẹ ti mú ní wíwọ́. Kò lè fún aṣọ mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè ṣí sókè gba nǹkan, òsì ló kù tó lè nà. Ìwọ tí a bí síbí lè má ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ọdún tí a lọ sílé, ìyá mi gbé aṣọ òfì tí wọ́n ti fi pamọ́ fún un kalẹ̀, ó ní kó gbà á. Ìyá rẹ na òsì. Ìyá mi fa aṣọ rẹ̀ padà. Ó ní, "Òsì? Èmi ni o ń na òsì sí? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí ọmọ mi mú ọ lọ nìyẹn?" Ìyá rẹ kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó fi òsì gbá ọ̀tún mú, ó ń fipá yí i, kò yí. Mo sọ fún wọn pé ó ṣubú ni. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó mọ̀wà hù jù nínú gbogbo ìyàwó ilé wa ni, òun ni wọ́n sì pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé èmi àti dókítà kékeré yẹn ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

O lè béèrè pé báwo ni mo ṣe wá mọ̀ pé ọ̀gá ṣì í kà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò mọ̀. Mo ń sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Ìgbà tí séfà wó, kí wọ́n tó ní kí àwa àgbà lọ sinmi nílé, àpòòwé tuntun kò dé láti òkè òkun mọ́. Wọ́n ní kí n máa tú àwọn ti àtijọ́, kí n yí inú wọn síta, kí n tún wọn lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni mo fi yí àpòòwé. Gbogbo ohun tí mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ wọ inú lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá àgbà yẹn kan náà wọlé, irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní kí n bá òun ṣa fíìmù ọrùn ọwọ́ àtijọ́ díẹ̀ wá, òun fẹ́ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń gbé wọn sórí àpótí iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dé orí ọ̀kan, ó dúró. Ó ní, "Ẹ wo èyí dáadáa. Ó wọ inú oríkèé, ó sì ti yẹ̀. Ta ló fi pílásítà lásán sí irú èyí?"

Mo rí orúkọ ìyá rẹ ní ìsàlẹ̀ fíìmù. Mo fẹ ẹnu àpòòwé, mo wo inú rẹ̀. Lẹ́tà A wà níbẹ̀, mo kọ ọ́ kó hàn.

Mo tún dákẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé fíìmù náà lọ sílé. Má ṣì mí gbọ́ o, ọ̀gá yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú, dókítà gidi ni, ọwọ́ tó ti tò sàn kò lóǹkà. Ojú kan náà ló fi wo fíìmù kan náà lọ́jọ́ méjì, ó sì rí nǹkan méjì. Mo ti rí i kí ẹni tó mọ̀wé jù nínú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé fíìmù tí ìwọ fúnra rẹ kà lóṣù tó kọjá síwájú rẹ lọ́la láìsọ fún ọ, ìwọ náà lè ya ara rẹ lẹ́nu.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi, ọmọ mi.

Èkíní, ka fíìmù kí o tó ka ohun tí ẹnikẹ́ni kọ. Fi ọwọ́ bò ó bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kọ tìrẹ sílẹ̀ ná, kí o tó béèrè ti ọ̀gá. Bí ẹ bá bá ara yín mu lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti jọ gbà lóòótọ́. Èyí tí ẹ ṣe sí bíríkìlà yẹn, ọ̀gá rẹ nìkan ló gbà, ìwọ kàn tẹ̀lé e ni.

Èkejì, má ṣe jà lórí ohun kékeré. Àwọn ìwé yín pín ọrùn ọwọ́ tó dá sí A, B àti C. Wọ́n pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, wọ́n tún wá pín àwọn yẹn náà. Bí dókítà bá ti ń wọ inú ìpín kéékèèké yẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ohùn wọn ń yàtọ̀ síra, kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi. Ohun méjì ni kí o dì mú: ṣé ó wọ oríkèé, àti ṣé egungun ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀? Ìyẹn ló ń yí ìtọ́jú aláìsàn padà. Ìyókù, jẹ́ kí wọ́n máa fi ṣe àríyànjiyàn níbi ìpàdé.

Ẹ̀kẹta, béèrè fọ́tò ẹ̀gbẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ní ẹyọ kan péré fún ọrùn ọwọ́ kan. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún àwa náà. Bẹ̀ wọ́n, jẹ́ kí wọ́n bínú sí ọ. Ẹni tó bá wo iwájú ilé nìkan kò lè mọ̀ bóyá ògiri ẹ̀yìn ti wó. Kí o sì fi ọwọ́ kan ọkùnrin náà, kí o bi í ibi tó ń dùn ún, nítorí pé òun nìkan ló wà nínú ọwọ́ yẹn.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́. Ọ̀nà tí o máa gbà sọ ọ́ ló ń dààmú mi jù. Má lọ dúró síwájú ọ̀gá rẹ kí o ní, "Ẹ ṣì í." Ẹyin lohùn. Kí i dáadáa, kí o wá ní, "Ṣẹ́ẹ̀fù, mo rí ìlà kan, mi ò sì mọ̀ bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wò pẹ̀lú fọ́tò ẹ̀gbẹ́." Gbé ìwé tí ẹ kọ A sí kúrò nítòsí kó má rí i. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá bára mu síbẹ̀, ẹ wá ẹnì kẹta tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìkúnlẹ̀ kì í sọ ènìyàn di odi, Àbẹ̀kẹ́. O lè wà lórí orúnkún kí o sì sọ ohun tí o rí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí àgbà nìkan ló bá gbọ́n, ta ni ì bá bá wọn dá a?

Ó sì lè jẹ́ ọ̀gá rẹ ló tọ̀nà o. Mi ò rí fíìmù náà. Ó lè jẹ́ òjìji lásán lo rí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ojú kò ní tì ọ́ ju bó ṣe ń ti èmi lọ.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kí o sọ̀rọ̀, mo sì ń bẹ̀rù kí o sọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ lọ́dún yìí kún gbogbo àdúgbò wa, wọ́n jókòó síwájú ilé wọn láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Èmi kò níṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ rẹ ló gbé àbúrò rẹ dúró nílé ẹ̀kọ́. Láti àná ni mo ti ń bi ara mi pé irú bàbá wo ló ń ti ọmọ rẹ̀ síbi tí wọ́n ti lè lé e. Mo ya ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ. Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo rí ìyá rẹ tó fi òsì ṣa ìrẹsì, mo sì mú bébà mìíràn.

Mi ò tíì sọ fún un. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó rò pé ọwọ́ òun ló lórí kunkun. Ó máa ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé òun ò lè fún ṣòkòtò mi gbẹ. Òun ló ń bẹ̀ mí!

Nítorí náà, jẹ́ kí a jọ ṣe é. Mi ò ní rán ọ níṣẹ́ tí èmi sá fún. Ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí bíríkìlà yẹn tó dé, lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ. Ní aago mẹ́jọ yẹn kan náà, èmi á pe ìyá rẹ wá sí pálọ̀, á jókòó, màá sì sọ ohun tí mo ṣe sí ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mọ̀ pé ó ń ba èmi náà ní Akébé.

Ọlọ́run á là ọ́ lójú, á là ọ́ lóhùn pẹ̀lú. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní o gbàgbé abọ́ rẹ lánàá.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo fi fíìmù ọwọ́ ìyá rẹ sínú àpòòwé tó tẹ̀lé èyí. Gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti sọ bí o bá lè gbàgbé rẹ̀, gbé e sí ojú iná, kí o wo ohun tí ìwọ máa rí. Mi ò kọ nǹkan kan sí ara rẹ̀.